Ọ̀nà Ventimiglia

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin ọdún 2016, réluwéè gbé èmi àti ọmọ mi obìnrin jáde kúrò ní Ítálì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì mọ̀. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ti lù ú lóǹtẹ̀, a sì jókòó jẹ́ẹ́.

Tíolúwaní ni mo sọ ọmọ náà. Sofia ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé, Sofia náà ni òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ràn jù. Torino ni a bí i sí. Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ní oṣù kìíní ọdún yẹn, a sì lọ sí comune, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Moncalieri, níbi tí à ń gbé, láti béèrè pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọmọ Ítálì. Òfin gbà á fún ọmọ tí a bí síbẹ̀ tí kò sì gbé ibòmíràn rí. Wọ́n ní kí a máa retí. Kí ìyẹn tó dé, ìwé ìgbélùú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní permesso, so mọ́ tèmi, tèmi sì ti tán, mo ti béèrè fún òmíràn. Ricevuta nìkan ló wà lọ́wọ́ wa, ìyẹn rìsíìtì tó fi hàn pé a ti béèrè. Gbogbo àwa tí à ń gbé ibẹ̀ la mọ̀ pé rìsíìtì yẹn kò ní agbára kankan bí ènìyàn bá ti kọjá ààlà. Sunday, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan ní Alessandria, tún sọ fún mi pé bí wọ́n bá lọ mú ọmọ tó ń retí ìwé ọmọ-onílùú lẹ́yìn ààlà, wọ́n á fa ìwé rẹ̀ ya. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo gbà á gbọ́, nítorí ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀.

Èdè Spéìn ni Sofia ń kọ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló fẹ́ ṣe. A máa ń gbọ́ ọ nínú balùwẹ̀ tí yóò máa sọ èdè Spéìn bí ẹni pé àlejò kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tíṣà wọn, Professoressa Bertone, obìnrin kúkúrú kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, máa ń kó wọn rìnrìn-àjò ní Sátidé. Òfin rẹ̀ ni pé bí réluwéè bá ti gbéra, èdè Spéìn nìkan ni kí wọ́n máa sọ títí wọn yóò fi padà sílé.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Padova. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, ṣùgbọ́n n kò sùn. Nígbà tó dé, ó ń fi ẹ̀rín sọ fún wa pé àwọn ọlọ́pàá wà ní ibùdókọ̀, àti pé ajá wọn gbóòórùn bàtà òun. "Che ridere, papà!" Ó ní ó pa òun lẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lọ sí Reggio Emilia, n kò tún sùn. Nígbà tó wá sọ pé etí òkun ní Ventimiglia ló kàn, mo ní màá tẹ̀lé wọn.

Ìyàwó mi, Ọlábímpé, tó ń dirun fún àwọn ènìyàn, bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Sofia, ṣé bí ẹ ó ṣe máa tẹ̀lé e délé ọkọ nìyẹn? Kí ẹ kúkú gbé ibùsùn yín dání."

"Papà, no! Ti prego!" Sofia ń bẹ̀ mí.

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ní Reggio Emilia tó lọ ńkọ́? Ṣebí àwa dúdú la kún ibùdókọ̀ ibẹ̀. Ta ni wọ́n mú?"

"Ẹni tí wọ́n bá ti mú kò ní sí níbẹ̀ mọ́ tí Sofia á fi rí i."

Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé mo lè lọ, ṣùgbọ́n kí n jókòó jìnnà sí i. Ojú ń tì í.

Ní Porta Nuova, ibùdókọ̀ réluwéè Torino, mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá inú Ítálì ni Ventimiglia wà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀, ó ní inú Ítálì ni. Ibi tí à ń lọ ni mo béèrè. N kò béèrè ọ̀nà tí a máa gbà.

A wọ réluwéè mìíràn ní Cuneo. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, Sofia àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà láàárín ọkọ̀. Lẹ́yìn ibùdókọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Limone, a wọ inú ihò kan tí wọ́n gbẹ́ la òkè já. Ihò náà gùn púpọ̀. Bí a ti jáde sí ìmọ́lẹ̀, fóònù mi dún. Fóònù tí Sofia náà dún, ti gbogbo wọn dún. Mo wò ó. Ilé-iṣẹ́ fóònù ló kọ̀wé sí mi pé káàbọ̀ sí ilẹ̀ Faransé.

Professoressa Bertone pàtẹ́wọ́. "¡Estamos en Francia!" Àwọn ọmọ náà hó yèè. Sofia nìkan ni kò hó. Ó yíjú padà, ó wò mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò ní Torino.

Mo dìde lọ bá tíṣà náà.

"Signora, Faransé kẹ̀?"

"Wákàtí kan péré ni," ó dá mi lóhùn ní èdè Ítálì, inú rẹ̀ dùn. "Ọ̀nà yìí gba ibẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà a ó tún bọ́ sí Ítálì. Ó rẹwà, àbí?"

"Bí ọlọ́pàá bá wá ńkọ́?"

"Mo ti gba ibí lọ rí láìmọye ìgbà. Wọn kì í yẹ ẹnikẹ́ni wò."

Ẹ̀bùn ni obìnrin yìí rò pé òun ń fún wa. Sofia sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò gbójú sókè: "Papà, siediti." Ó ní kí n lọ jókòó.

Mo lọ jókòó. Ìsàlẹ̀ jíjìn wà lápá kan, òkè ńlá lápá kejì, àwọn ilé kan lẹ̀ mọ́ àpáta bí ìtẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Mo rò ó pé kí n fa ọmọ mi lọ́wọ́ kí a sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé náà la máa sọ̀kalẹ̀ sí. Ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, mo máa ń wo ìta kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ní Breil, mo rí wọn. Ọlọ́pàá mẹ́rin ló dúró de ọkọ̀.

Mo mọ ọmọ mi. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí, yóò sáré wá. Bó bá sì sáré wá, wọ́n á béèrè ìwé tirẹ̀ náà. Mo gbé fóònù sétí. Kò sí ẹni kankan lórí rẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa," mo fi Yorùbá wí sókè. "Jókòó síbi tí o wà. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi mí ṣe, má dìde. Má pè mí. O ò mọ̀ mí rí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni kí o máa bá sọ̀rọ̀." Mo tún rẹ́rìn-ín sí i, bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó tó dùn.

Láti kékeré ni a ti ń sọ Yorùbá sí ọmọ yìí, èdè Ítálì ló sì fi ń dá wa lóhùn. N kò mọ bí èyí tó wọ̀ ọ́ létí ṣe pọ̀ tó. Mo gbàdúrà lọ́jọ́ náà pé kí ó ti wọ̀ ọ́ létí.

Ọ̀dọ́ ni ọlọ́pàá tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì gbọ́ èdè Ítálì. Ó yẹ rìsíìtì mi wò níwájú àti lẹ́yìn.

"Èyí kò wúlò níbí."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ìwọ nìkan ni?"

"Èmi nìkan."

Ó gbójú sókè. Dúdú méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ náà. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Boh," ni mo wí. Báyẹn ni àwọn ọmọ Torino ń wí bí ohun kan kò bá kàn wọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lójú tíṣà. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wá wo Sofia, tó fi ọwọ́ méjèèjì há abẹ́ itan, ó sì pa ẹnu dé. N kò mọ ohun tó yé e. Mo kàn gbọ́ tó béèrè sókè: "Sofia, ¿qué ves por la ventana?" Ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí fèrèsé, nítorí náà mo mọ̀ pé ó ń bi í léèrè ohun tó rí níta ni.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ èdè Spéìn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń ka àwọn nǹkan náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: odò, afárá, igi, aṣọ tí ẹnì kan sá sórí okùn. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ọlọ́pàá kejì bi tíṣà ní ìbéèrè kan, tíṣà dáhùn pé ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n. Ọlọ́pàá náà tẹ́tí sí èdè Spéìn náà díẹ̀ sí i, ó mi orí, ó kọjá.

Wọ́n mú mi sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, Sofia ṣì ń sọ̀rọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Wọn kò fìyà jẹ mí. Wọ́n fi mí sí yàrá kan pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin kan láti Sudan, wọ́n fún wa lómi, wọ́n sì fi ọkọ̀ kó wa padà sí ààlà nírọ̀lẹ́. Ọlọ́pàá Ítálì wo rìsíìtì mi, ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú ni mo délé. Ọlábímpé kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ ti jẹun?" Sofia wà nínú kíṣìnnì pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì àná lọ́rùn rẹ̀.

"O ṣe é dáadáa," mo sọ fún un.

"Non dirmelo mai più," ó wí. Ó ní kí n má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún òun mọ́ láéláé.

Ní oṣù keje, ó búra ní comune, wọ́n sì fún un ní ìwé ọmọ Ítálì. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Sunday. Professoressa Bertone wá sílé wa lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi èdè Spéìn kí Sofia, ó rẹ́rìn-ín, ó tún kí i. Èdè Ítálì ni Sofia fi dá a lóhùn, pé ẹ ṣeun, òun ò wá sí kíláàsì Spéìn mọ́.

Ọ́fíìsì dókítà eléyín kan ní Moncalieri ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, òun ló ń gbé fóònù. Kò sọ èdè Spéìn mọ́ láti ọjọ́ Breil.