Ẹja Tí Ẹ̀gbọ́n Wa Dá Padà

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ò fi ẹja pípa jẹun. Eré ló fi ń ṣe. Ní gbogbo Sátidé, á wa ọkọ̀ lọ sí àárín adágún tó wà lẹ́yìn ilé wa, á ju ìwọ̀, á bá ẹja ńlá fà á títí agara á fi dá ẹja, á gbé e sókè kí a rí i, á sì dá a padà sómi. Bàbá wa ló fi òfin yẹn lélẹ̀ kó tó kú: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹja adágún náà.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí òjò ti ń fi wá ṣeré, tí oòrùn ń mú ganrínganrín. Omi fà sẹ́yìn. Bí o bá tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun ló rí. Bí òkú ẹja ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó nìyẹn, àwọn ńláńlá nìkan.

Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò wa ló ń pa wọ́n. Mọ́tò ni àbúrò wa ń kùn, ẹ̀gbẹ́ adágún sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ojú rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀: á wo mọ́tò tó fara gbá lẹ́ẹ̀kan, á po ọ̀dà tó bá a mu, ẹni tó ni ín pàápàá ò ní mọ ibi tó ti tún un ṣe. Inú dúrọ́ọ̀mù ló ń da ìdọ̀tí ọ̀dà sí, èmi ni mo máa ń bá a dé e. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí n panu mọ́. Olóríkunkun ni.

Lọ́sàn-án Jímọ́, ó gbé òkú ẹja wọ ṣọ́ọ̀bù bá èmi àti àbúrò wa, ó sọ ọ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí àbúrò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

"Májèlé wo lo dà sómi?"

"Mi ò da nǹkan kan síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Omi yẹn ló gbóná jù, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹja tó bá ti bá yín fà á títí, èémí rẹ̀ ò lè padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ìwọ̀ ná títí òjò á fi rọ̀."

"Èmi ni mò ń pa ẹja bàbá mi?"

Àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó là á mọ́ àbúrò wa lójú. Mo gbọ́ ìró egungun. Ó là á mọ́ ọn léjìká, ó tún là á mọ́ ọn lórí nígbà tó ti ń rá pálá nílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀dà funfun ti dà pọ̀. Mo fò mọ́ Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn, mo gé ìka rẹ̀ jẹ títí eyín mi fi kan egungun, kó tó ju àjẹ̀ sílẹ̀. Inú bí mi débi pé, ká ní ọ̀bẹ wà nítòsí, ǹ bá pa á.

Ilé ìwòsàn ni mo sùn. Nígbà tí mo délé láàárọ̀ Sátidé, ta ni mo rí lórí adágún? Ó ti fi aṣọ di ìka, ó ń fa ẹja. Ẹja náà jà, ẹ̀jẹ̀ la inú aṣọ yọ, kò fi sílẹ̀. Ó gbé e sókè sí mi. Ó rọra gbé e bọ omi, ó dì í mú bí bàbá wa ṣe kọ́ wa, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹja náà wẹ̀ lọ.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù látàná, adágún ti mọ́."

Kó tó wa ọkọ̀ dé etí omi, ẹja yẹn ti léfòó, ó kọ ikùn sókè, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tó yá, kò mí mọ́. Ojú ibi tí ìwọ̀ ti gún un ṣì wà létè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gúnlẹ̀. Ó wo ẹja, ó wo àjẹ̀ tí ọ̀dà funfun ti gbẹ mọ́ lára.

"Ojú àbúrò wa ńkọ́?" ó bi mí.

"Wọ́n ti yọ ọ́," mo ní. "Ó ní kí n bẹ̀ yín, kí ẹ má ju ìwọ̀ lónìí."