Ìyá Ọkọ Mi Fi Ẹsẹ̀ Mi Sáré

Bọ́lá, gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. O mọ̀ pé láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí a sì ń sáré láràárọ̀, ni pajápajá ti ń mú mi lẹ́sẹ̀. Nínú àlá náà, mo ń bá àwọn kan díje nínú omi, mo sì wà níwájú. Ni pajápajá bá gbá àtẹ́lẹsẹ̀ mi mú, gbogbo ìka ẹsẹ̀ mi sì ká kò.

Kí n tó kígbe, omi ti di títì ọ̀dà, mo sì ń tiro lọ lórí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ìyá ọkọ mi, tí kì í rìn láìsí ọ̀pá, yọ sí mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bọ́ ẹsẹ̀ yẹn fún mi, o ò mọ̀ ọ́n lò."

Mo bọ́ ọ bí ẹni bọ́ bàtà. Mi ò mọ ìdí tí kò fi yà mí lẹ́nu. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sáré, wọ́n sì gba ipò kìíní.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dá a padà."

Wọ́n ní àwọn ṣì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹkún ni mo sun jí. Pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi ni mo dì mú, tí mo ń fà ní ìka. Mo ní kó má bínú.

Ó ní, "Má dúró, ó ku ẹsẹ̀ kejì."