Aṣọ Ìkẹyìn Ìyá Ahunṣọ

Káńfọ̀ nìkan ló kù nínú àpótí. Ìyá Ahunṣọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀, ó tún gbé e dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n, káńfọ̀ sì yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ òfì aláró tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun nígbà ọ̀dọ́, èyí tó ti sọ fún tẹbí tará pé òun ni kí wọ́n fi sin òun, kò sí níbẹ̀ mọ́. Olè wo ló máa wọlé tó máa jí aṣọ kan ṣoṣo, tó máa wá fi rédíò sílẹ̀ lórí tábìlì? Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ nìkan ló ń gbé ilé náà. Ta ni kó tún bi?

Ó jáde láìwọ bàtà.

Ká sọ òótọ́, ìyá yìí kì í tètè bínú. Iṣẹ́ òfì ló sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì, kò ráhùn. Ọmọ rẹ̀ kọ̀ láti jókòó ti òfì, ó ní iṣẹ́ náà ń falẹ̀ jù, ìyá gbà, ó sì fi í sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ tó fẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣeré. Aṣọ là ń kí kí a tó kí èèyàn. Ó fẹ́ kí àwọn tó bá wá wo òkú òun kí aṣọ yẹn, kí wọ́n mọ̀ pé ahunṣọ ló sùn síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó yá aṣọ wọ̀ lọ sọ́run.

Ó bá ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, níwájú dígí, tó ń fi abẹ́rẹ́ há ẹ̀gbẹ́ aṣọ mọ́ obìnrin kan lára. Lóòótọ́, ìyá kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ kò sí ojú tó lè fọ́ débi pé á gbàgbé aró tó re fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ rẹ̀ rán kàbà aláìlápá, ó fún mọ́ obìnrin náà pinpin.

Ohun tó dùn ún jù ni bí wọ́n ṣe gé e. Abala tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń hun aṣọ òfì, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn, ojú rírán náà ló máa tú, abala kọ̀ọ̀kan á sì wà ní pípé. Ọmọ ahunṣọ mọ èyí kó tó mọ ABD. Ṣùgbọ́n ìkánjú ti wọ télọ̀ wa lẹ́wù, ó ti fi àlùmọ́gàjí gé e níbùú bí ẹni gé búrẹ́dì. Wọ́n ní ọmọ laṣọ. Ó dáa. Irú aṣọ wo ló wá dìde tó ń gé aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀?

“Bọ́ aṣọ mi sílẹ̀!”

Ọmọ rẹ̀ fò sáàárín. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Oníbàárà mi ni wọ́n.”

“Èmi ńkọ́? Kí lèmi jẹ́ sí ẹ?”

“Aṣọ àtijọ́ ni wọ́n ń wá, mi ò rí irú ẹ̀ níbì kankan. Ó kàn wà nínú àpótí ni, ẹ ò kúkú wọ̀ ọ́.”

“Ṣé kí n máa wọ aṣọ tí wọ́n máa fi sin mí kiri àdúgbò ni?”

Oníbàárà náà yí padà wéré. “Aṣọ kí lẹ pè é, mà? Télọ̀! Aṣọ òkú lo fẹ́ kí n wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ mi?” Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, abẹ́rẹ́ ń gún un, ó ń pariwo “yéè”, ó sì ń bọ́ ọ lọ. Ìgbà tó jáde, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kàbà náà fún ìyá. “Ẹ máà bínú, mà. Mi ò mọ̀ rárá.”

“Ìwọ ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Máa lọ.”

Ìyá tẹ́ kàbà náà sórí tábìlì, ó ń fi ìka tọ́ ọ wò, láti ọrùn dé etí ìsàlẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

“Abala tí òwú ẹ̀ dẹ̀ ńkọ́?”

“Èyí tó rí wúruwùru yẹn? Mo ti gé e kúrò. Wọn ò hun ún dáa.” Ó fi ẹnu júwe abẹ́ maṣíìnì.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òun ni télọ̀ fi ń nu maṣíìnì, epo ti mu ún yó. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó mú un.

“Wọ́n ní ọmọdé kì í ní àkísà bí àgbà. O ti wá bá mi kún tèmi.” Ó na àkísà náà sí i lójú. “Ṣé o mọ ẹni tó ba ibí yìí jẹ́? Ìwọ ni! Ìdí òfì ni mo wà tí ìrọbí ẹ fi mú mi. Mi ò fẹ́ dìde, mò ń hun ún lọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òwú ń dẹ̀, títí wọ́n fi wá gbé mi. Ìgbà tí mo padà sídìí ẹ̀, ìwọ ti wà lẹ́yìn mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n tú ibẹ̀, kí n tún un hun. Mo ní rárá, ọmọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n tẹ́ lé mi láyà.”

Télọ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún. Omijé kì í so aṣọ pọ̀.

“Màámi, ẹ dárí jì mí. Màá wá òmíì rà fún yín, èyí tó dáa jù ú lọ.”

“Aṣọ rírà kọ́ ni màá wọ̀ lọ. Òfì mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Ojú mi ò gbé e mọ́. Ìwọ ni wàá hun ún.”

“Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, màámi. Ó máa pẹ́ gan-an.”

Ìyá mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lórí tábìlì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà de ọmọ rẹ̀.

“Jẹ́ kó pẹ́. Bí mo bá kú kó o tó parí ẹ̀, ìhòòhò ni kó o sin mí.”