Géètì Òkúta Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí Ṣítù bíríkìlà ní Mushin pé kó wá sí Surulere, ó rò pé ògiri ló ya. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Àfi bó ṣe wọ pálọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé tó rí àpótí dígí kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n tẹ́ yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òkìtì òkúta etí òkun wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹja onílà mẹ́rin tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn apẹja Mákòókò ń lúwẹ̀ẹ́ nínú báfù.

Ọ̀gá ni Ọlápàdé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an kò lè sọ pàtó ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ti fi oṣù mẹ́ta lọ kọ́ṣẹ́ ní London. Ohun kan ṣoṣo tó kọ́ bọ̀ ni pé àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ a máa to òkúta sínú dígí, wọn a bu omi òkun sí i, ẹja a sì máa gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Ṣítù, géètì ni mo fẹ́ kí o mọ síbẹ̀," ló wí. "Òkúta kan lọ́tùn-ún, òkúta kan lósì, kí gbọọrọ kan dábùú wọn lókè. Ọ̀gá Àgbà wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Ṣítù lóṣòó, ó wo ẹja, ó wo òkúta. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó yanrìn yìí kúrò. Orí dígí fúnra rẹ̀ ni kí òkúta ìsàlẹ̀ jókòó, ká tẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, ká tó wá da yanrìn yí i ká. Ẹ ò rí ẹja yìí bó ṣe ń fẹnu gbẹ́lẹ̀? Bó bá gbẹ́ abẹ́ òkúta, òkúta á wó. Sìmẹ́ǹtì tá a bá sì fi lẹ̀ ẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa wà nínú omi, ká máa pààrọ̀ omi náà títí oró rẹ̀ á fi jáde. Nígbà tí mo fi sìmẹ́ǹtì mọ kànga fún Àkàngbé aládùúgbò mi, ọjọ́ kejì ló ju ẹja àrọ̀ sínú ẹ̀. Ẹja náà ò rí ọjọ́ kẹta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Ìwé tí mo fi pe Ọ̀gá Àgbà ti jáde lọ́ọ́fíìsì. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i!"

"Ẹ bá wa kọ ọ̀kan sí sìmẹ́ǹtì náà, sà."

Gertrude, ìyàwó Ọlápàdé tó ń ṣe tíṣà ní Yaba, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́.

Ṣítù ò fi sìmẹ́ǹtì kan òkúta rárá. Ó kó yanrìn kúrò, ó fi irin ṣóńṣó lu ihò sí òkúta, ó ki ọ̀pá rọ́bà bọ ọ̀kan mọ́ èkejì, nítorí irin á dípẹtà nínú omi iyọ̀. Ó ń yí òkúta sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, títí gegele ọ̀kan fi bọ́ sínú kòtò èkejì. Ó tì í, kò mì, ó wá da yanrìn padà yí i ká.

"Ó dà bí ààrò," ni Ọlápàdé wí.

"Ààrò kì í wó, sà. Ẹ má gbé nǹkan kan lé e o."

Ọjọ́ Jímọ̀, tí Ṣítù wà ní mọ́ṣáláṣí, Ọlápàdé, tí ààrò náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, bọ́ táì. Ọdún tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì dí ẹnu èbúté Àpápá pa ni; ọ̀rẹ́ kan ti fún un ní àpò kan tí atẹ́gùn òkun ti sọ di kókó. Odó iyán ìyàwó rẹ̀ ló fi gún un. Ó mọ géètì tirẹ̀ sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ Ṣítù. Lọ́jọ́ Sátidé ó da omi òkun sí i, ó kó ẹja wọlé.

Ó pe Ṣítù pé kó wá dúró lọ́jọ́ Àìkú, kó wọ aṣọ tó mọ́, kó má sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Àgbà Adéníran àti ìyàwó rẹ̀, Hilda, dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gòkè wá, wọ́n ń ya ẹnu.

"Ṣé wọ́n ń kí mi ni?" Ọ̀gá Àgbà béèrè.

"Wọ́n ń kí yín ni, sà. Ẹja pàápàá mọ àgbà."

Ọ̀kan nínú wọn sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìdí ẹsẹ̀ géètì Ọlápàdé. Ṣítù húkọ́. Ọlápàdé mọ́ ọn lójú. Ó tún húkọ́. Ẹsẹ̀ géètì yẹ̀, òkúta gbọọrọ náà fi orí sọ dígí, gbàù! Omi òkun ya bo bàtà Ọ̀gá Àgbà àti léèsì Hilda. Ṣítù ṣí fìlà rẹ̀, ó fi ń kó ẹja sínú báfù. Ṣùgbọ́n ààrò rẹ̀ dúró láàárín àfọ́kù, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

"Ta ló kọ́ èyí tó wó?" Ọ̀gá Àgbà béèrè.

Ọlápàdé nawọ́ sí Ṣítù.

"Èyí tó dúró ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí àyà ara rẹ̀.

"Ẹ yí ọwọ́ yẹn padà, Bàbá Fúnlọ́lá," ni Gertrude wí fún ọkọ rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní òun á padà wá, òun á wo iṣẹ́ bíríkìlà náà nínú dígí tuntun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kúẹ́rì, ìwé wí-tẹnu-ẹ, tí wọ́n fi taipuráítà tẹ̀ ní ọ́fíìsì Ọlápàdé dé Mushin. Làbákẹ́, ìyàwó Ṣítù, kà á sókè: kó ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta ìdí tí òkúta fi wó níwájú àlejò pàtàkì. Ṣítù ní kó fèsì pé: "Ẹ bi ẹja léèrè."

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọlápàdé fúnra rẹ̀ dé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi tún un ṣe."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Inú Ṣítù rọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Ó ní Ọlápàdé ló máa po sìmẹ́ǹtì, Ọlápàdé yìí kan náà ló sì máa pààrọ̀ omi inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ki òkúta náà sí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọkùnrin náà ṣe é, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, kí ilẹ̀ tó mọ́, kó tó lọ sọ́ọ́fíìsì. Ẹja méjì ti kú. Méjì tó kù wọ inú dígí tuntun, wọ́n rí ihò kan nínú òkúta náà, wọ́n sì fi ṣe ilé.

Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà padà wá, Ṣítù wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń gbọ́ tí Ọlápàdé ń ṣàlàyé ọ̀pá rọ́bà àti oró sìmẹ́ǹtì bí ẹni tí wọ́n bí sídìí iṣẹ́ náà.

"Àwa méjèèjì la kọ́ ọ, sà," ló wí níkẹyìn.

Ṣítù gbọ́ "àwa méjèèjì," ó mi orí. Fún ọ̀gá ìjọba, ìyẹn náà tó. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ojú Ẹlẹ́gbà lọ sílé.