Òwú Tí Mo Rán Mọ́ Báńdéèjì Àbúrò Mi

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti kúrò nílùú yẹn, ṣùgbọ́n òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó kò tíì kúrò nímú mi.

Iná gáàsì ló bú jáde lára ààrò níbi tí àbúrò mi ti ń ṣe búrẹ́dì. Ó jó o láyà, ó jó o lápá méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ a máa wà ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀, èmi a dé lọ́sàn-án bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí a sọ ní Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Á ní ká fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ká bo imú. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ báńdéèjì, á lé wa síta, á sì ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn títì yẹn ni ara mi ò gbà. Kí ló ń fi pamọ́?

"Báńdéèjì àná ló tún ń wé padà," mo sọ fún ìyàwó àbúrò mi. "Ta ló fẹ́ fi aṣọ tan télọ̀ jẹ?"

"Bùọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn ráyè ṣiṣẹ́. Àbí ó wá bá yín du ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

Mo pòṣé.

Lọ́jọ́ kẹfà, àbúrò mi ń sùn, nọ́ọ̀sì jáde. Mo yọ abẹ́rẹ́ tí mo máa ń há mọ́ kọ́là ẹ̀wù mi, mo gbé etí báńdéèjì sókè lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, mo rán òwú dúdú kan mọ́ ọn nísàlẹ̀, mo fi eyín gé e. Bí òwú yẹn bá wà níbẹ̀ lọ́la, ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, òwú kò sí níbẹ̀. Ṣé inú mi dùn? Rárá o. Mo ní ó ti rí i ni, ó fẹ́ fi mí ṣe òmùgọ̀. Mo tún rán òmíràn, èyí sún mọ́ ojú egbò.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ara àbúrò mi gbóná bí ààrò, egbò ń sun ọyún. Dókítà pè wá jọ.

"Awọ ni ọgbà ara, iná sì ti wó o. Lọ́jọ́ tí iná jó o, gbogbo ọmọ ogun inú ara sáré jáde, wọ́n jà títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Àwọn tuntun tó ń jáde báyìí ò tíì mọ ìjà. Kòkòrò tí ẹ̀yin ń gbé kiri tí kò ṣe yín ní nǹkan kan, ó lè pa á."

"Ẹnì kan ló gbé e wọlé," ni Má-fọwọ́-kàn-án wí. Ó ti bá ìyàwó àbúrò mi níjọ́ kan tó ń sunkún lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì láìbo imú. Ó yíjú sí i. "Ìyàwó, ẹ ò ní wọlé mọ́."

Ìyàwó wò mí. "Bùọ̀dá mi, ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò fọwọ́ kàn án."

Mo yíjú sí ògiri. "Nọ́ọ̀sì mọ iṣẹ́ rẹ̀," ni mo wí. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì rẹ̀, oògùn kò ràn án. Àbúrò mi ń pe ìyàwó rẹ̀ nínú ibà. Dókítà ní bí òun bá mọ ibi tí kòkòrò náà ti wá, òun á mọ oògùn tí òun á lò. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́ òwú tí mo rán mọ́ báńdéèjì.

"Òwú?" Má-fọwọ́-kàn-án fọwọ́ gbáyà. "Kí lẹ fi gé e?"

"Eyín mi."

"Yéè! Télọ̀, ẹ pa mí!"

Wọ́n pààrọ̀ oògùn sí èyí tó ń pa kòkòrò ẹnu. Lọ́jọ́ kẹta ibà náà rọ̀. Ó yè é.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó. Ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó bo imú. "Bùọ̀dá mi, ẹ jókòó síta," ló wí, kò sì gbé ohùn sókè.

Mo dúró lẹ́yìn gíláàsì. Àbúrò mi sọ nǹkan fún un, àwọn méjèèjì wo ọ̀dọ̀ mi, ìyàwó sì mi orí. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí àbúrò mi sọ.