Kí N Wò Yín Ni, Tàbí Kí N Gbọ́ Yín?

Ní ilé wa ní Ìbàdàn, èmi ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. Àlejò á wọlé, màá kúnlẹ̀, màá tẹjú mọ́lẹ̀, n kò ní gbójú sókè títí wọn á fi bá mi sọ̀rọ̀ tán. Bàbá mi á ní, "Ẹ wo Sẹ̀kínátù. Kì í wo àgbà lójú." Inú wọn á dùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé nìkan. Bí mo bá wo ojú ènìyàn, etí mi á di. Ẹnu wọn á máa lọ, n kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ìgbà tí mo dé Maryland ní Amẹ́ríkà ni ohun tí wọ́n fi ń yìn mí di àléébù. Dókítà kan ní Largo ló sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ó ní ọ́tísíìmù ni, pé ọpọlọ mi kò bàjẹ́, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo délé, mo sọ fún Àǹtí Mobáyọ̀, àbúrò ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Temple Hills. Wọ́n ní, "Orúkọ yẹn ò ní mọ́ ẹ lórí, in Jesus' name." Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo ṣe àmín, nítorí àwọn ló ń se ọbẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, ní ilé iṣẹ́ kan tó wà lẹ́bàá ojú irin ní Landover. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí kò ní fèrèsé, òtútù ibẹ̀ pọ̀, wọ́n to àwọn sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ilé iṣẹ́, láti ilẹ̀ dé òkè, iná kéékèèké aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára wọn. Ìró wọn dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù nígbà tí ènìyàn wà lábẹ́ aṣọ ìbora. Níbẹ̀, kò sí ojú tí mo ní láti wò. Màá máa to wáyà, màá máa pààrọ̀ èyí tó bá kú, ọkàn mi á sì máa rìn lọ jẹ́jẹ́. Nígbà mìíràn n kì í mọ̀ bóyá Landover ni mo wà tàbí abẹ́ òrùlé bàbá mi. Mo fẹ́ràn yàrá yẹn ju ibikíbi lọ láyé.

Owó tí wọ́n ń san ni n kò fẹ́ràn. Dọ́là mọ́kànlá ni fún wákàtí kan, nítorí alágbàṣe ni mí. Báàjì pupa ló wà lọ́rùn mi, búlúù ni ti àwọn tí ilé iṣẹ́ gbà gan-an. Bí ara sáfà bá gbóná díẹ̀, gbogbo ọ̀gá á sáré dìde. Bí ara tèmi bá gbóná, màá ra oògùn ibà lówó ara mi, màá sì gbé e mì níbi iṣẹ́, torí ọjọ́ tí mo bá jókòó sílé, kò sówó.

Ọdún ìbò ni, ọdún 2008. Ìyípadà ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Láti Capitol Heights dé Glenarden, pátákó olóṣèlú kún iwájú ilé. Àǹtí ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ń múra ìbò bí ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó ọmọ. Gíríìnkáàdì lèmi ní, n kò lè dìbò, ẹnu nìkan ni mo ní. Mo bi wọ́n léèrè pé nígbà tí báńkì ńlá ṣubú, ìjọba sáré gbé e dìde. Nígbà tí ọkọ̀ mi kú sójú ọ̀nà ní Branch Avenue, ta ló wá?

Àǹtí ní, "Ìwọ náà lọ di báńkì."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò parí, wọ́n sọ fún mi pé àgbàṣe mi máa dópin bí oṣù bá ti parí. Àyè kan ṣí fún ẹni tí wọ́n máa gbà gan-an láti máa tọ́jú yàrá tútù náà, Stephanie, ọ̀gá wa, ló sì máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Bí n kò bá rí i gbà, Àǹtí ti bá mi wá iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí àwọn fúnra wọn ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tó níyì ni. Ṣùgbọ́n ojú ló kún ibẹ̀, àti aago tó ń dún, àti tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo yàrá. Mo mọ̀ pé orí mi á dàrú níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

"Eye contact," ni Àǹtí wí. "Tó ò bá wò wọ́n, wọ́n á ní o ò ní confidence. Wọ́n á ní irọ́ lò ń pa. Sẹ̀kí, ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má wo àgbà lójú."

"Ìbàdàn nìyẹn. Maryland lo wà báyìí, jàre."

Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó jókòó kọjú síra wa nídìí tábìlì ilé ìdáná. Wọ́n á ní kí n wò wọ́n, wọ́n á máa bi mí ní ìbéèrè. Ojú ìyá mi tó ti kú ni ojú wọn, kò yàtọ̀ rárá. Màá wọ inú rẹ̀ lọ bí ẹni wọ ilé àtijọ́, màá máa yà láti yàrá dé yàrá, títí Àǹtí á fi gbá tábìlì pé, "Kí ni mo sọ?" N kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan omijé bọ́ lójú mi, ó sì bọ́ lójú àwọn náà.

Ọjọ́ pé. Stephanie jókòó níwájú mi, fèrèsé wà lẹ́yìn mi. Mo wò ó lójú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹyinjú rẹ̀ ní àwọ̀ oyin. Fèrèsé ẹ̀yìn mi hàn nínú rẹ̀ bí inú dígí, ó kéré bí èékánná ọmọ tuntun, ọkọ̀ ojú irin sì wọ inú fèrèsé náà, ó rọra ń lọ láti etí kan dé ìkejì, kò pariwo, kò yára. Mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbé àwọn èrò rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde tán, mo rí i pé ẹnu Stephanie ti dákẹ́, ó ń retí ìdáhùn. N kò gbọ́ ìbéèrè kankan.

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n wò yín ni, tàbí kí n gbọ́ yín? N kò lè ṣe méjèèjì pọ̀."

Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n yí tèmi náà, àwa méjèèjì wá kọjú sí fèrèsé. "Ó dáa, ọkọ̀ ojú irin la ó máa wò," ló wí. Ọ̀rọ̀ bá ṣí lẹ́nu mi. Mo sọ fún un bí mo ṣe ń tọ́jú yàrá náà, mo tiẹ̀ sọ ti òjò orí páànù, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní àyè náà ti di tèmi. Inú mi dùn gan-an.

"Báàjì rẹ á di búlúù," ló wí. "Ṣùgbọ́n owó náà ṣì máa wà ní mọ́kànlá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó wà lókè ti di owó mú, bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti gbọ́ àlàyé yẹn lórí rédíò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ìyípadà tí wọ́n pariwo rẹ̀, okùn báàjì ọrùn mi nìkan ló dé. Inú bí mi.

"Mọ́kànlá kò tó mi í jẹun," ni mo wí. "Mẹ́rìndínlógún ni mo fẹ́."

Mo bá yíjú sí i, mo wò ó lójú tààrà. Etí mi di pátápátá. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, àlàyé ń jáde, kò sí ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ mi. Inú oyin náà dákẹ́, ó tutù bíi yàrá mi, mo sì jókòó síbẹ̀ láìyẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ ń falẹ̀, ó dúró, òun ló kọ́kọ́ gbójú wálẹ̀. Ó sọ nǹkan kan. Mo gbójú sí fèrèsé kí n lè gbọ́.

"Mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ló tún wí. "Agbára mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àǹtí ló wá fi ọkọ̀ gbé mi. Lórí títì Beltway, àwọn ń wo iwájú, èmi ń wo igi tí ewé rẹ̀ ti wọ́ tán. Inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ wọn jù. Mo sọ fún wọn pé mo ríṣẹ́ náà gbà, pé wọ́n sì fowó kún un. Wọ́n fọwọ́ lu sítíárìn.

"Ṣé o wò wọ́n lójú?"

"Mo wò wọ́n lójú, mà."

"Mo sọ fún ẹ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tó o wá wò wọ́n, kí ni wọ́n sọ?"

"Mi ò mọ̀ o, Àǹtí," ni mo wí. "Mi ò gbọ́. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fowó kún un."