Irin Tí Bàbá Àtàndá Yọ Nílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó sọ pé Ìyìnolúwa kò mọ iṣẹ́ iná. Èmi Sìmbíátù, ojú mi ló ṣe. Wọn kò sọ ọ́ fún mi.

Inú oṣù ààwẹ̀ ni, oòrùn Ẹdẹ sì mú lọ́dún náà bí ẹni pé ó ń bá wa jà. Fírísà Fàsílátù, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ni gbogbo àdúgbò wa gbójú lé fún omi tútù tí wọ́n fi ń ṣínu. Láti ìgbà tí ọkọ Fàsílátù ti kú, fírísà yẹn nìkan ló fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì kan, Fawziyah, ọmọ-ọmọ Bàbá Àtàndá, fẹ́ ṣí fírísà náà, ni iná bá gbá a ṣubú. Igbe tó ké ni gbogbo wa gbọ́ tí a fi sáré jáde. Ọlọ́run yọ ọ́, ó dìde, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì lè sọ̀rọ̀. Bàbá Àtàndá, olórí agbo ilé wa, gbé e mọ́ra. Wọ́n wo Fàsílátù, wọ́n ní:

"Kí oòrùn òní tó wọ̀, kí fírísà yìí kúrò nínú ilé yìí. N ò ní sin ọmọ nítorí omi tútù."

Ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn? Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni wọ́n sọ. Fàsílátù kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà tí gbogbo ilé mọ̀ pé ẹnu mi kì í dilẹ̀, "Dákẹ́, má sunkún" nìkan ni mo lè sọ fún un lọ́jọ́ náà.

Ibẹ̀ la wà tí Ìyìnolúwa fi wọlé. Yunifásítì tí àwọn oníjọ dá sílẹ̀ nílùú wa ló ti ń ṣiṣẹ́ iná, omi tútù ló sì wá rà, tòun ti àpò irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká. Ẹlòmíràn ì bá ti pẹ̀yìn dà tó bá rí bí ojú Bàbá ṣe le tó. Òun kúnlẹ̀ kí wọn, ó wo ọwọ́ Fawziyah, ó ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí iná tó bá gba ara kọjá kì í ṣe ohun tí à ń fojú lásán wò. Ìyá ọmọ náà gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo fírísà náà," Ìyìnolúwa wí. "Bí n kò bá rí ohun tó ń ṣe é, èmi fúnra mi ni màá bá yín gbé e síta."

Bàbá kùn, wọn kò sì sọ pé rárá. Ìyìnolúwa kọ́kọ́ lọ pa iná gbogbo ilé. Ó yí fírísà náà padà, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn wá: eku ti jẹ awọ ara wáyà kan, wáyà náà sì ti fara kan irin. Inú wa dùn, a rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ó mi orí.

"Ẹ̀bi eku nìkan kọ́. Wáyà mẹ́ta ló ń wọ inú fírísà. Ọ̀kan ń gbé iná wọlé, ìkejì ń gbé e padà. Ìkẹta kì í ṣe iṣẹ́ kankan àfi ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ọjọ́ náà ló ń fa iná tó ṣìnà wọnú ilẹ̀, kó má baà gba ara èèyàn. Níbo ni ọ̀pá irin tí wọ́n so ó mọ́ nínú ilẹ̀ wà?"

Gbogbo wa la mọ ìtàn irin náà. Nígbà tí Salman oníṣẹ́ iná fa wáyà sí agbo ilé wa, ó gbá irin náà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò mọ̀ pé ibojì bàbá àgbà wa ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá Àtàndá rí i, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fà á tu, wọ́n ní ta ni yóò máa gún irin mọ́ orí bàbá òun. Láti ìgbà náà, irin náà la fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́.

"Èmi ni mo yọ ọ́," Bàbá wí. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

Ibí yìí ni Ìyìnolúwa ti wù mí jù. Kò ní wọ́n ṣe àṣìṣe.

"Ẹ jàre, Bàbá. Kò yẹ kí irin wà lórí bàbá yín. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ ilẹ̀ ilé yìí. Apá ibo ni kì í gbẹ, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ilẹ̀ tútù ni irin náà ń fẹ́."

Bàbá nàka síbì kan. "Ẹ̀yìn ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ibẹ̀ ni gbogbo omi ń ṣàn sí."

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò. Bàbá tó ní kí fírísà jáde ló lọ mú irin wá láti ilé ewúrẹ́. Ìyìnolúwa ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbá irin náà wọlẹ̀, ó fa wáyà láti ibẹ̀ wọ ilé, ó pààrọ̀ èyí tí eku jẹ. Ó fi ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ yẹ gbogbo rẹ̀ wò kó tó tan iná. Obìnrin yìí mọṣẹ́!

Fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ìyìnolúwa na ọwọ́ kó fi hàn wá pé kò sí ewu mọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Àtàndá dì í lọ́wọ́ mú.

"Rárá, ọmọ mi. Bí yóò bá gbá ẹnì kan, èmi tí mo yọ irin ni kó gbá."

Wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e. Mo di ojú mi.

"Ó tutù," ni mo gbọ́.

Mo lajú. Bàbá kò tíì gbé ọwọ́ kúrò. Fàsílátù ni wọ́n ń wò.

"Fàsílátù, má bínú sí mi. Bá mi fi omi ìṣínu tèmi sílẹ̀, ọ̀fun mi ti gbẹ."

Ni Fàsílátù bá tún bú sẹ́kún. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.